Wọ́n Fẹ́ Fi Fọ́tò Ọmọ Mi Sórí Ìkànnì Ọsibítù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Ara ọmọ mi sú lóṣù tó kọjá, mo bá wo ìkànnì ọsibítù wa lórí fóònù. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ó yé mi yékéyéké: tí ara ọmọ bá pọ́n bíi ti àwòrán yìí, ẹ tètè gbé e wá. Ṣùgbọ́n ọmọ òyìnbó nìkan ló wà nínú àwòrán. Ọmọ tèmi dúdú, ara rẹ̀ ò pọ́n, mo ní ooru ni. Nígbà tí a máa fi gbé e débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, wọ́n sì dá wa dúró. Ọpẹ́ ni, ara rẹ̀ ti yá.

Nọ́ọ̀sì wá ní kí n jẹ́ káwọn fi fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí ara rẹ̀ sú sórí ìkànnì náà, láìfi ojú rẹ̀ hàn. Ìyá ọkọ mi fárígá: "Ìyàwó, ṣé ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n máa fi ṣe pátákó àìsàn?" Ọkọ mi ní ohun tí màmá bá ti wí, abẹ gé e.

Ká ní mo rí àwòrán ọmọ dúdú kan péré lórí ìkànnì yẹn ni, ǹ bá ti sáré gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbà fún nọ́ọ̀sì, àbí kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ilé lè tòrò?