Elétí àti Orogún Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá 2025
Orogún mi jí lónìí. Mọ́tò Ìjàpá tí ọkọ mi ti rà kó tó fẹ́ mi — kí n má purọ́, òun gan-an ni ìyálé — tún ń mí. Elétí, ọkọ mi, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Elétí. Níta, Bàbá Adùn ni. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, á dúró lókèèrè, á tẹ́tí, á sọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì.
Ó ní a máa gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ̀gbọ́n òun tó ní kí òun tà á fún àwọn onírin lè fojú rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 2
Ó ń ró kọ́kọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, bí ẹni ń fi ṣíbí lu páànù. Elétí dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Débọ̀, mẹkáníìkì àdúgbò, yà kí wa. Elétí dẹ nọ́ọ̀tì ìdí dísítríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, ó yí i díẹ̀, ó tẹ́tí, ó tún yí i, ó fún un pa. "Débọ̀, báwo ni?" Kọ́kọ́kọ́ ń lọ ní tiẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, no shaking! Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, sà."
Jẹ́jẹ́! Gààrí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú jáde.
Mo bá a dé géètì, mo dá a dúró. Ó ní táímìn ti yá jù: iná plọ́ọ̀gì ń ṣáájú àsìkò rẹ̀. Tí a bá fi sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fọ́. Kí ló wá dé tí kò sọ? "Àǹtí, ta ni mo jẹ́ tí mo máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé etí wọn ò gbọ́?"

Ọjọ́bọ̀, 6
Lateefat tó ń ránṣọ lódìkejì náà ní ó ń dún bíi tuntun. Ọ̀wọ̀ la máa fi pa ẹ́ńjìnnì yìí.
Elétí bi èmi náà. Mo ní ó dáa. Ojo lásán-làsàn ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Adùnọlá, ọmọ wa, pè láti ọsibítù Ìdí-Àràbà, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì: kí bàbá òun wá ṣàyẹ̀wò etí. Bàbá gba fóònù, ó pariwo pé etí ò dun òun. Lateefat dáhùn láti òdìkejì: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà!"

Ọjọ́ Ajé, 10
Débọ̀ fẹ́ mú iná tí wọ́n fi ń wo táímìn wá. Elétí ní iná wà fún àwọn tí ò létí. Ó wá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó fọ kabúrétọ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọjọ́rú, 12
Oorun ò kùn mí. Tí mo bá dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á fọ́ sójú ọ̀nà. Tí mo bá sọ ọ́ — etí yẹn ni gbogbo iyì rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ọ̀la là ń lọ. Ó tan mọ́tò, Débọ̀ àti Lateefat ń kí i kú iṣẹ́. Ó kọjú sí mi. Ó ní ṣé ẹ́ńjìnnì ti balẹ̀?
Mo ní, "Rárá, Bàbá Adùn. Kọ́kọ́kọ́ ló ń ró."
Débọ̀ wolẹ̀. Lateefat rántí abẹ́rẹ́ kan lójijì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Elétí wò wá. Láti ìgbà wo? Mo ní láti ọjọ́ tó ti jí.
Mo ti ń retí ìbínú. Ó mú sípánà, ó dẹ nọ́ọ̀tì náà, ó ní kí n dúró sítòsí, kí n máa sọ ọ́ bó bá ṣe rí. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, mò ń fọwọ́ júwe fún un — ó kù, ó kù — títí ariwo náà fi lọ. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú: kó fi í síbẹ̀! Ó fún nọ́ọ̀tì náà pa.
Débọ̀ lọ. Elétí jókòó sórí táyà àlòkù. Ó bi mí bóyá òun máa ń pariwo tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n ń gbọ́ ọ dé Ìtirẹ́ lọ́hùn-ún. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì.
Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi ni mo ń na etí. Ó ní Ìjẹ̀bú lè dúró. Kí n pe Adùnọlá pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí èmi náà sì tẹ̀lé òun wọlé, torí ẹ̀rù ń ba òun pé dókítà á bi òun ní nǹkan, òun ò sì ní gbọ́.