Ẹyin Tí N Kò Jẹ Rí, àti Oògùn Tí Wọ́n Fẹ́ Fà Sí Mi Lára

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòsí níbí, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí àbúrò mi Láyíwọlá tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Láyíwọlá, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má fo ibì kankan nítorí àánú. Ìyá wa kì í ṣe ọmọdé.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé yìí jáde, kí àwọn obìnrin mìíràn lè rí i kà. Mo ní kò burú. N kò jalè.

Òjò Èkó ti dé. Omi ń kún lọ́nà Agbóyí, ẹrẹ̀ ọjà Máìlì Tuẹ́lífù ti ń mu èèyàn dé kókósẹ̀. Ẹ ó máa rò pé mo ṣì ń ran ẹnu àpò ata níbẹ̀. N kò lọ mọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Àwọn tí a jọ ń ràn án rò pé mo bá wọn jà ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí wọ́n wá máa wo àyà mi lọ. Àmọ́ ilé dá, Ìyá mi. Ilé dá gan-an.

Kókó kan ló yọ sí mi lọ́mú òsì. Mo ní eéwo ni, mo ń fi òrí pa á. Bọ́sẹ̀ rí i níjọ́ tó ń bá mi fọ ẹ̀yìn, ló bá ké. Ní ọsibítù, wọ́n gún nǹkan kan sí mi lára kí wọ́n tó tì mí wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n ní òun ni yóò tàn níbi tí àrùn bá dé, bí ìgbà tí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá òkùnkùn. Ó tàn dé abẹ́ abíyá. Jẹjẹrẹ ni. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Láti òkè ìwé yìí ni mo ti ń sá fún un.

Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fà sí mi lára, díẹ̀ ló kù kó pa mí. Ojú mi wú, àyà mi há, n kò rí èémí fà. Dókítà ní omi tí wọ́n fi po oògùn náà ni ara mi kọ̀. Ó ní irú kan wà tí kò ní omi yẹn: wọ́n á ṣe oògùn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ojú lásán kò lè rí i, wọ́n á wá fi puróténì wé e. Ó ní ara mọ puróténì yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti máa ń ru ẹrù kiri. Jẹjẹrẹ sì jẹ́ alájẹkì, bó bá ti rí puróténì ni yóò fà á mọ́ra, tòun toògùn ni yóò gbé mì.

Mo sọ fún un pé àwọn olè tó ja àdúgbò wa, aṣọ ọlọ́dẹ ni wọ́n wọ̀ wọlé. Ẹni tó wọ aṣọ onílé wọlé, ṣé ire ló ń bá bọ̀? Ó ní Mọ́mì, tiwa yìí, ọlọ́pàá ló wọ aṣọ olè. Mo ní ìyẹn ló tún burú jù! Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú kò rí, bó bá wọlé tán, ta ni yóò pè é jáde?

Síbẹ̀, mo na apá. Nọ́ọ̀sì ti ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan mi kó tó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé puróténì kò yàtọ̀ sí funfun ẹyin.

Ìyá mi, mo dìde. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ fúnra mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ẹ̀yin kúkú mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ti sin ọmọ kí n tó dé. Nígbà tí ẹ bí mi, ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àwọn àgbà ilé pé bí mo bá dúró, ẹyin kò ní kan ẹnu mi láéláé. N kò jẹ ẹ́ rí. Kéèkì ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀ pàápàá, n kò tọ́ ọ wò.

Dókítà pè mí lórí fóònù. Ó ní àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ọ̀sì ń ṣe, kò sí ẹyin níbẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n ti yọ puróténì náà. Ó rò pé ìyẹn ni yóò tù mí nínú! Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó fínnúfíndọ̀ fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ti sẹ́ ẹ mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì ní bí ẹyin, dókítà ní ẹ̀jẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́, nínú ohun tí n kò lè tú wò?

Bọ́sẹ̀ bẹ̀ mí títí. Ó ní ẹnu lẹ dárúkọ nínú ẹ̀jẹ́ yín, apá ni oògùn yìí yóò gbà wọlé. Nígbà tó yá, ó bínú, ó ní kí ni kí òun wá sọ fún aráyé, pé ẹyin ló pa ìyá òun, ẹyin tí kò jẹ? Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí oògùn yìí. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ o. N kò tọrọ.

Mo fẹ́ fi ìwé yìí bi yín bóyá kí n gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo rí i pé bí ẹ bá ní kí n má gbà á, n ó gbà á ni. Kí n má baà kú lẹ ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́. Kí n má baà kú náà ni mo ṣe ń padà lọ na apá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó gbọ́ ẹ̀jẹ́ yẹn, alààyè àti òkú, pé bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, orí mi ni kó wà. Ọwọ́ yín mọ́.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ti sin ọmọ tó. Ẹ kò ní sin mí. Èmi ni yóò sin yín, ó sì máa jìnnà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Dúrójayé