Wọ́n Ti Fi Àwọn Ọmọ Yunifásítì Ṣe Ìwọ̀fà

Okere, ní Warri.

Mutmainah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà, mo kí ọ kú àtijọ́, mo kí ọ kú ìnira ìwé ní Ìbàdàn. Ṣé ara ń le? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká gbúròó búburú ara wa, àmín. Ìyá rẹ Sàlíhátù ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìbọn ò dún ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yìí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn sójà ṣì wà ní ìkóríta, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú kálukú a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó jóná, mi ò tíì rí i kọ́, abẹ́ agboòrùn ni mo ti ń ta ẹní.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Láti ìgbà tí ìjà ti lé àwọn tíṣà lọ, ńṣe ni àwọn ọmọ àdúgbò ń fi igi ṣe ìbọn, tí wọ́n ń lé ara wọn kiri. Àfi bí àwọn ọmọ yunifásítì kan ṣe dé sí àgbàlá mọ́sálásí wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, wọ́n ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n tún ń nu ikun imú wọn. Ẹní mi ni wọ́n ń tẹ́ jókòó, mo yá wọn. Mùízz àbúrò rẹ, tó jẹ́ pé Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn, ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ báyìí.

Mo bi olórí wọn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marvellous, pé èló ni wọ́n ń san fún wọn. Ó ní wọn kì í san nǹkan kan. Mo ní ta ló wá rán wọn, ó ní àwọn fúnra àwọn ni. Irọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́! Ta ni yóò fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wá sí Warri lásìkò tí àwọn onílé gan-an ń kó ẹrù? Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, orúkọ yunifásítì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, kí wọ́n má baà rí ibi sá sí nìyẹn. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ mọ̀, ó ní ó mọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó tán! Bí wọ́n ṣe fi bàbá mi ṣe ìwọ̀fà ní Ṣakí nìyẹn, nígbà tí bàbá tiẹ̀ ò rí gbèsè san, oko olówó ló ń ro, kò gba kọ́bọ̀. Àwọn tí òbí wọn ò rí owó ilé ìwé san nìwọ̀nyí, yunifásítì ti fi wọ́n ṣe ìwọ̀fà. Àánú wọn ṣe mí gan-an ni. Ìyá rẹ ń se ẹ̀wà fún wọn.

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe dé. O ní o ò ní wálé fún Iléyá, pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé kan níwèé lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, pé wọn ò sì ní san nǹkan kan. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mi ò rí owó ilé ìwé rẹ fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti jó, èmi ni mo fi ọ́ dúró!

Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó pe fóònù, mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà tí o kọ sínú lẹ́tà. Obìnrin kan ló gbé e, òyìnbó ló ń sọ, èyí tó yé mi níbẹ̀ ni pé kò sí bí a ṣe lè bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní màdáámù, ẹ ṣàánú ọmọ mi, èmi Ràhímù ni mo jẹ gbèsè, òun kọ́. Kò jẹ́ kí n sọ tán, ohun kan náà ló tún ń sọ. Obìnrin yẹn, ọkàn rẹ̀ le! Mo lọ sọ fún Marvellous, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ohun tí àwọn ń ṣe náà ni ìwọ ń ṣe. Mo ní mo ti mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Sọ fún ọ̀gá yunifásítì pé bàbá rẹ ń bọ̀ wá dúró dípò rẹ. Ìwé mi ò ju èyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé á lè fi bẹ̀rẹ̀, mo sì tún mọ oko ro. Kí wọ́n tú ọ sílẹ̀, kí o wálé wá jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ ìyá rẹ.

Ọlọ́run yóò tú ọ sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí o fi ọmọ tìrẹ dúró láéláé. Owó ọkọ̀ nìkan ni kò sí lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, bí o bá rí díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kíákíá, kí n lè wá gbà ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràhímù.