Ike Funfun Lára Àwọ̀n Pọ́ọ̀lù

Ẹ̀yìn Èbúté,
Araromi.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Hánà, ìyàwó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Olúwafẹ́rànmí ọmọ-ọmọ mi, mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbà yín sílé ní Etikan. Ṣé ara yín le bí mo ti ń bẹ Olúwa pé kó le? Eyín ọmọ náà ti di mélòó báyìí? Ara tèmi le dáadáa. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mo ṣì ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi alágbára ẹṣin ogójì léjìká láti èbúté dé ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ń sinmi lọ́nà, irọ́ ló pa.

Má jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé mi pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin ni mo fi ọwọ́ ara mi kàn, òkun jẹ ilé mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ́ ẹ̀kẹta. Rejoice, ọmọ ìkẹyìn mi, ì bá bá mi kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé lé ọmọdé lọ́wọ́. Fóònù ńkọ́? O kì í gbé ìpè mi, mi ò sì dá ọ lẹ́bi. Bí o bá tiẹ̀ gbé e, o mọ ohùn mi: tí mo bá kí èèyàn níbí, Ode Mahin ni wọ́n á ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Lóṣù tó kọjá, àwọn elétò ìlera háyà ọkọ̀ mi, torí ta ni wọn ì bá tún háyà? Nọ́ọ̀sì kan ni mo gbé, òun àti páálí oògùn rẹ̀. Bó ti ṣí páálí, mo rí ike funfun kéékèèké nínú rẹ̀, irú èyí tí Pọ́ọ̀lù ọkọ rẹ so mọ́ àwọ̀n rẹ̀ láti máa gbé e léfòó. O mọ bí mo ti máa ń fi àwọ̀n yẹn yangàn. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú, mo ń fi han àlejò pé, "Ẹ wo làákàyè! Bàtà jíjá ni àwọn yòókù ń so mọ́ tiwọn, òun wá ike tó dọ́gba." Mo bá bi nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, èló lẹ ń ta òfìfo ike yìí? Mo fẹ́ páálí kan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, a kì í tà á. Oògùn àwọn tó ní kòkòrò éèdì ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ike kan, oṣù kan. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìdáwọ́ dúró á pẹ́ láyé, á sì lè bí ọmọ tí kò ní in lára."

Hánà, mo gbàgbé pé mo ń wa ọkọ̀. Àárín koríko omi la bá ara wa.

Mo bi í bóyá àwọn oníṣekúṣe nìkan ló ń kó o. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nítorí ẹja lè kó o. Ọmọ tí wọ́n yọ nílé ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò là lóye, lè kó o. Opó tí wọ́n ṣú láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òun àti ẹni tó ṣú u. Ẹni tí ilé ìwòsàn jìnnà sí kì í sì í tètè mọ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kò mọ̀ pé èmi gan-an ló ń ka ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo yọ Pọ́ọ̀lù ní ìwé márùn-ún, mo ní ẹja kò mọ ABD. Èmi ni mo rán an lọ pẹja ní ìhà Kamẹrúùnù nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ àwọ̀n náà, mo ka ike ara rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo wá rántí ohun tó sọ kí a tó lọ sí àgọ́ ìpẹja tó jìnnà yẹn nígbà ìkẹyìn: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa wálé ní ìparí oṣù." Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti dá a lóhùn: "Ọkùnrin wo ló ń sáré lọ sórí ilẹ̀ lóṣooṣù bí aboyún tó ń lọ gba abẹ́rẹ́?" Gbogbo inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Pọ́ọ̀lù náà bá wọn rín in. Kò bẹ̀ mí mọ́. Oṣù méje la lò níbẹ̀. Ikọ́ ló gbé bọ̀, a pè é ní òtútù òkun títí ó fi kú. Ike kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò sí.

Nígbà tí mo wá ní kí Kingsley àbúrò rẹ̀ ṣú ọ lópó, o kúnlẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ pè mí ní orúkọ tó bá wù yín, n kò ní fẹ́ Kingsley." Mo ní ṣé Kingsley ń rùn ni. Mo ní o ti ní ọkùnrin lórí ilẹ̀. Mo gbé àpótí rẹ sínú ọkọ̀ Lawrence awakọ̀ nínú òjò, tìwọ tọmọ lẹ́yìn rẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá pa mí lẹ́nu mọ́, o kò sọ ọ́. O bo òkú láṣìírí, o dáàbò bo alààyè, o sì ru èébú náà lọ sí Etikan. Èmi tí mo ń gbé ẹ́ńjìnnì léjìká, mi ò lè gbé ìdajì ẹrù yẹn.

Kingsley fẹ́ gbé Promise níyàwó. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná; èmi àti Moríkẹ́ ìyá ọkọ rẹ náà na apá. Ara Kingsley mọ́. Bí wọ́n ti sọ ọ́, ìwọ ni mo rí lójú mi. Rejoice tí mo fẹ́ yọ nílé ìwé kó wá máa yan ẹja ti padà sí kíláàsì. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Moríkẹ́ rò pé ogbó ló dé sí mi.

Hánà, mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi, wo bó ti wọ́ lórí ìwé. Dárí jì mí. Yàrá Pọ́ọ̀lù wà ní mímọ́. Ilẹ̀ ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, kì í ṣe òkun. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣú ọ. Bí o bá sì yàn láti dúró sí Etikan, ọmọ mi náà ni ọ́. N kò ní kí o sọ ohun tó wà lára rẹ fún mi. Àmọ́ bí ibì kan bá wà tó o gbọ́dọ̀ máa lọ lóṣooṣù, èmi ni màá máa gbé ọ lọ, màá sì jókòó síta dè ọ́. Èmi náà á máa sáré lọ sórí ilẹ̀ lóṣooṣù bí aboyún. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí omi bá ti kún, màá dúró ní èbúté Etikan. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, má jáde. Màá bá omi padà, màá sì tún wá ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn.

Moríkẹ́ kí ọ. Púpurú tó ń rò fún wa ṣì ń ní kókó. Má sọ pé èmi ni mo wí.

Olúwa á fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ. Olúwafẹ́rànmí á dàgbà lójú rẹ, ìwọ ni wàá wé gèlè fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Omi tó gbé ọ lọ nínú ẹkún á gbé ọ bọ̀ nínú ayọ̀.

Èmi ni bàbá ọkọ rẹ, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó tún jẹ́ bàbá rẹ,
Ábúráhámù.

Mo tún rántí: n kò tú ike kankan kúrò lára àwọ̀n Pọ́ọ̀lù. Bí ìwọ náà bá ní irú rẹ̀ tó ti ṣófo, má jù ú nù. Kó wọn jọ dè mí. Màá máa so wọ́n tẹ̀ lé tirẹ̀, láti orí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n lọ. Àwọ̀n náà gùn, Hánà. Mo fẹ́ kó kún.