Màmá Rhoda Fábọ̀dé (1951–2025) àti Ọmọ Ọ̀bọ Tí Wọ́n Pọ̀n

Ìlọ́bù ni wọ́n bí Màmá wa, Rhoda Ifákẹ́mi Fábọ̀dé, sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951, ní agboolé Ifátóbi, ìdílé àgbẹ̀ àti oníṣègùn. Kí wọ́n tó mọ̀wé rárá ni wọ́n ti ń lé ọ̀bọ lóko bàbá wọn, nítorí ọ̀bọ ìgbà náà kì í fi àgbàdo sílẹ̀ fún olóko.

Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1964. Ní 1972, wọ́n fẹ́ Olùkọ́ Nehemiah Fábọ̀dé, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyàwó tó ti Ìlọ́bù wá ń gbọ́ ní Ìfọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà lé lórí bá gbóná. Màmá fara dà á.

Ní 1981, wọ́n gba iṣẹ́ olùtọ́jú ẹran ní ilé ìwádìí kan tí a kò ní dárúkọ. Dókítà kan níbẹ̀ ń gba ọmọ ọ̀bọ lọ́wọ́ ìyá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí wọn, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àgò onírin tirẹ̀, kí ó lè mọ bí ọkàn ọmọ tí kò mọ ọwọ́ ìyá ṣe ń rí. Màmá ló ń gbé wàrà lọ. Àṣẹ ni pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà kẹrin, abo, ń mi ara rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, ó sì ń bu ìka ara rẹ̀ jẹ. Ìyanuolúwa, ọmọ Màmá kejì, ṣì ń mu ọmú nílé nígbà náà. Màmá kò lè wo ọmọ ọ̀bọ náà níran. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bá ti lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n á fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, wọ́n á máa gbálẹ̀ títí yóò fi sùn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Dókítà dán àwọn ọmọ ọ̀bọ náà wò, àwọn yòókù sá sí kọ̀rọ̀, nọ́ńbà kẹrin nìkan ló ń ṣeré. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti rí ọmọ tí kò nílò ìyá kó tó yè kooro. Màmá ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2006, wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìníyàá kan. Níbẹ̀ ni alábòójútó ti sọ fún wọn ní 2011 pé kí wọ́n má gbé ọmọ tó bá ń sunkún, pé ìwádìí ti fi hàn pé ọmọ á gbọ́n fúnra rẹ̀. Orúkọ Dókítà yẹn ló pè. Màmá délé, oúnjẹ kò lọ. Wọ́n padà lọ jẹ́wọ́. Alábòójútó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ju ìwé lọ ni?” Wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Dókítà, èsì kò dé. Láti ìgbà náà ni ọkàn wọn kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ọmọ kan bá sunkún ládùúgbò, wọ́n á dìde dúró.

Màmá papòdà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n fi Bàbá wa sáyé, àti ọmọ mẹ́ta: Kingsley, Ìyanuolúwa àti Ṣèyífúnmi, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí Treasure jẹ́ àgbà wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n pè wá jọ: “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú mi o. Bí ẹ bá fi pamọ́, ó di ọrùn yín.” Kingsley kò fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹnu ará ìjọ. Àyà àwa náà ń já. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A kò mọ èwo ló burú jù: kí a já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àbí kí a pọ̀n ọ́n kí a sì dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ìwé Dókítà yẹn wà lọ́wọ́ yín, kò sí ọmọ kankan nínú àgò wọ̀nyẹn tó dá yè. Ẹyọ kan tó yè, wọ́n pọ̀n ọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwọn ọmọ tó ń sunkún lọ́dọ̀ yín.

Màmá, a ti jíṣẹ́. Kí ilẹ̀ tù yín lára. Ẹ sùn ire o.