Ìran Tí N Kò Rí

Mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ má ní kí n lọ bá wòlíì ìjọ wa o, torí wòlíì gan-an ń fi mí yangàn ni…

Sunday kan ni, mo ń ti church bọ̀, sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi, mo wà nínú bus tó ń lọ sí Peckham ní London níbí. Obìnrin kan wọlé ní Camberwell, ó jókòó tì mí, ó ń sunkún, ó ń dá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ìwàásù ọjọ́ yẹn ni pé ká máa fi ìfẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run han ẹni tó bá wà nítòsí wa, mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní Dámi, ọmọ kan ṣoṣo tóun bí, ti wà lórí machine tó ń bá a mí ní hospital fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò lajú. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an… mo ní kó nu ojú nù, ọmọ ẹ̀ á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé. Mo kàn fẹ́ tù ú nínú ni! Àmọ́ nítorí aṣọ funfun tó rí lára mi, ó bi mí bóyá ìran ni mo rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ṣe mí? Kí ló ṣe mí gan-an? Èmi tí n kò ríran rí láyé mi…

Láti ìgbà yẹn ni Mummy Dámi ti ń wá church wa, kò pa á jẹ rí. Wọ́n pè mí síwájú, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo mú ọkàn kan wá. Kí n má parọ́ kún irọ́, inú mi dùn.

Ní báyìí, àwọn dókítà ti ní kò sí nǹkan táwọn lè ṣe mọ́, pé ó yẹ káwọn yọ machine, kọ́mọ náà lè lọ ní ìrọ̀rùn. Mummy Dámi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi meeting sí Thursday, ó sì fẹ́ kí n wá sọ ìran yẹn fún wọn. Ó fọ sùtánà mi fúnra ẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e wá sílé lánàá, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi… ìyá tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà!

Mo ti gbààwẹ̀ títí ara mi ń gbọ̀n, pé kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ kó sọ irọ́ mi dòótọ́. Ọmọ ò mira. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún ìyá ẹ̀, ṣé kò ní kórìíra èmi àti Ọlọ́run pọ̀? Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé èmi kọ́ ni mo dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sínú ìyà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá, tó bá jẹ́ ọmọ yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín?