Ogún Ilé Kọ́ọ̀tù àti Ògiri Tó Tẹ̀ sí Ilé Ìdáná Mi

                                        Ojúlé Kẹrin, Ẹ̀yìn Kọ́ọ̀tù Àtijọ́,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ìyá Tìmílẹ́yìn, ọ̀rẹ́ àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Tìmílẹ́yìn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọjú? Tìmílẹ́yìn náà ńkọ́, ṣé yunifásítì ò tíì sọ ọ́ di ẹni tí kì í kí èèyàn mọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ṣì ń wọkọ̀ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òdogbolú láràárọ̀, ìyá ọkọ mi sì ń yan gaàrí wọn lọ, àfi bí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún.

Gaàrí yìí gan-an ló fa lẹ́tà mi. Ṣé o rántí ilé kọ́ọ̀tù tí àwọn òyìnbó kọ́ sẹ́yìn ilé wa, èyí tí o máa ń sọ pé ó jọ arúgbó tó ń tòògbé? Lọ́dún tó kọjá, ògiri rẹ̀ tẹ̀ sí orí ilé ìdáná wa, níbi tí ìyá ti ń yan gaàrí. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èyí lanu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláǹgbá fi ní ọmọ-ọmọ nínú rẹ̀. Mo bẹ ìyá títí kí wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ògiri ni kó kúrò. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, n kì í mọ ohun tí mo ń kọ sójú pátákó mọ́.

Mo tọ ọ́fíìsì ìjọba tó ni ilé náà lọ. N kò ní dárúkọ wọn, kí wọ́n má baà ní mo bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Richard, akáńtáǹtì wọn, ní àṣẹ tuntun ti dé pé kí àwọn kọ gbogbo ilé àtijọ́ sínú ìwé ìṣirò ọdọọdún, kí àwọn sọ iye tó tó, kí àwọn sì sọ gbèsè tó so mọ́ ọn. Ó ní ògiri tó kàn tẹ̀ lásán, gbèsè rẹ̀ kò tíì dájú, àfi tó bá wó. Mo bi í bóyá orí ìyá ọkọ mi ni yóò fi dájú. Ó ní kí n má bínú, bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Ọmọlúàbí ni o, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n wá ní kí Richard yìí túmọ̀ ìṣirò náà sí Yorùbá kí ará àdúgbò lè gbọ́. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ilé náà jẹ́ ohun ìyangàn tí àwọn ará ìṣáájú fi sílẹ̀ fún ìlú. Ohun tó kọ tó sì lẹ̀ mọ́ ara ilé ni pé, "Ogún gbogbo wa ni ilé yìí. Ẹ wá gbọ́ iye tó tó." Èmi ọmọ Ìwó tí wọ́n fẹ́ wá síbí, mo ti mọ àwọn àna mi. Má jẹ́ kí Ìjẹ̀bú gbọ́ ogún àti iye owó lẹ́nu ẹnì kan náà. Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn tó ń gbé Èkó pàápàá ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bàbá Olúṣẹ́gun, tí í ṣe àgbà àdúgbò wa, ní bàbá àwọn ni akọ̀wé adájọ́ láyé ọjọ́un, nítorí náà ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Alájì Àṣírù tó ń ta táyà, tí ọmọ kún ilé rẹ̀ bámúbámú, ní rárá o, orí-ò-jorí ni, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló pa òun àti kọ́ọ̀tù pọ̀. Ó ní bàbá ńlá òun ni wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ jù, kò sí adájọ́ tó pẹ́ nínú ilé náà tó o. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa ara wọn lẹ́wù ya.

Ni Richard bá ṣí ojú ìwé kejì, ó ka gbèsè: òrùlé tó ń jò, àjà tí ikán ti jẹ, àti ògiri mi. Ó ní ẹni tó bá gba ogún, òun náà ni yóò gba ìwọ̀nyí. Bàbá Olúṣẹ́gun rántí pé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni àwọn ti wá gan-an, àlejò làwọn níbí. Alájì Àṣírù ní, "Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé kì í ṣe onílé." Mo dìde, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ro ti ìyá. Àfi bí Bàbá Olúṣẹ́gun ṣe nawọ́ sí mi: "Ibi tí ògiri bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ lẹbí rẹ̀ wà. Ìyàwó wa, ìyàwó ilé ní í tọ́jú ilé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Richard náà pàtẹ́wọ́.

Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n òjò kì í dúró de ẹni tínú ń bí. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, mo pe bíríkìlà, wọ́n tú ibi tó tẹ̀, wọ́n sì tún un mọ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn. Ìyá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, gaàrí ni wọ́n ń rò.

Ìwé ìṣirò tuntun jáde lóṣù tó kọjá. Richard kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé náà dúró ṣánṣán, iye rẹ̀ ti lé sí i, kò sì ní gbèsè kankan. Wọ́n fún ọ́fíìsì wọn ní ìwé ìyìn. Bí wọ́n ṣe ka ibi gbèsè tán, Bàbá Olúṣẹ́gun ti padà dé láti Ìmùṣin láì wọkọ̀. Wọ́n tún pe ìpàdé pínpín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú ìpín ti ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó kì í jogún, kí n lọ bu gaàrí àti omi tútù wá fún àwọn àgbà. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n nílé ibi tí wọ́n bí mi sí, a kì í pín ogún òkú láì kọ́kọ́ san gbèsè tó fi sílẹ̀. Mo sọ iye tí mo jẹ alájẹṣẹ́kù. Kí n tó jókòó, fìlà Alájì Àṣírù nìkan ló kù lórí àga.

Richard nìkan ni kò lọ. Ó ní àánú mi ṣe òun gan-an, ṣùgbọ́n bí ìwé ṣe wà yìí, gbèsè tí mo ń sọ yẹn kò sí.

Bá mi kí Bàbá Tìmílẹ́yìn, àti ìyá rẹ ní ilé. Ìyá ọkọ mi kí ọ, wọ́n ti di gaàrí sápò fún ọ. Bá mi bẹ Tìmílẹ́yìn kó má bínú pé owó ìwé tí mo ṣèlérí kò ní lè dé lóṣù yìí. Owó oṣù mi wọlé lánàá, gbèsè tí kò sí yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ níbẹ̀.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Nùsírátù (Ìyá Quadri).